Wọ́n ní ìyàwó fi nǹkan sí tíì ìyá ọkọ, àṣé mílíìkì ló jẹ̀bi!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú ni. Kì í ṣe inú tí à ń bí síra wa o, inú tí oúnjẹ ń wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé inú tó ń kùn lè di inú tó ń bíni, ó sì lè tú ilé ká bí kò bá sí ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ilé tiwa ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó gbé kálámù. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, nítorí pé òun ṣì ń tajà, òun ò fẹ́ kí oníbàárà máa fi òun rẹ́rìn-ín.

TÍÌ ÀPỌ́NLÉ

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin ní Múṣin, l'Ékòó, ìyàwó rẹ̀ sì ń ránṣọ. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí àkọ́bí, ìyá mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó di ẹrù, ó gba Èkó lọ láti lọ wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ ṣe máa ń ṣe.

Ìyàwó yìí fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ni. Pẹ̀lú ara ríro, láràárọ̀ ló ń po tíì fún un sínú kọ́ọ̀bù ńlá. Odindi agolo mílíìkì kékeré kan ló ń dà sí i, tíì á funfun báláú, á wá fi búrẹ́dì gbígbóná tì í. Lójú tirẹ̀, àpọ́nlé ni. Ta ni kò mọ̀ pé àlejò pàtàkì là ń gbé mílíìkì kalẹ̀ fún? Ṣùgbọ́n ìyá mi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ògì àti àkàrà ló fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun n'Ìbàdàn. Mílíìkì kì í wọ ilé wa àfi bí ọdún bá dé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, inú ìyá mi kàn kùn ni. Ọjọ́ kejì, inú wú bí ìlù, ó ń dún gbùrù-gbùrù, kó sì tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ó ti sáré wọ ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ìyàwó rí i pé ó ti rẹ Màmá, àánú ṣe é, ló bá tún fi kún mílíìkì náà kí ara lè mókun. Yéè! Ìyẹn ló wá burú jù.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ìyá mi pe ẹ̀gbọ́n mi sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí mo bá mu tíì ìyàwó rẹ láàárọ̀, inú á run mí. Bí ó bá di alẹ́ tí n ò mu ún, inú á rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́ tí mo mu ún, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí lo rò pé ó wà nínú rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ná. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ni pé òótọ́ ni ìyá mi sọ. Inú tíì yẹn gan-an ni nǹkan náà wà. Ohun tó pè é nìkan ló ṣì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn àgbà. Wọ́n jókòó ẹjọ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n máa ra àtaare àti oyin ìkómọ. Ìyàwó ń sunkún, ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé èmi ni mo lè ṣe irú èyí sí yín?" Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun máa wà. Ìyá rẹ̀ rèé, ìyàwó rẹ̀ rèé. Ẹnìkan tilẹ̀ ti ń sọ pé kí ìyàwó kó lọ sílé wọn ná.

ỌGBỌ́N NỌ́Ọ̀SÌ

Ọlọ́run ló yọ wá. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ojúlé kejì, ó wá kí ìyá ọmọ, ló bá bá wa lẹ́nu ẹjọ́. Ó gbọ́ tẹnu ìyá, ó gbọ́ tẹnu ìyàwó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ìyá mi. Ó ní, "Ìyá Ìbàdàn, kí lẹ̀ ń mu níbí tí ẹ kì í mu nílé?"

Ìyá mi ronú títí. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Tíì náà ni. Mo ń mu tíì n'Ìbàdàn bí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n tèmi, omi gbígbóná àti ṣúgà ni."

Nọ́ọ̀sì ní ó dáa. Ó ní kí ìyàwó yìí kan náà máa po tíì fún ìyá lọ, nínú kọ́ọ̀bù kan náà, láti inú kẹ́tùlù kan náà, ṣùgbọ́n kó má kán mílíìkì kankan sí i. Ó di ọjọ́ mẹ́ta, inú ìyá mi pa lọ́lọ́. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi sì jó.

Lọ́jọ́ kejì ìkómọ, nọ́ọ̀sì tún dé. Ó fi owó ara rẹ̀ ra agolo mílíìkì kan, ó lu ú níwájú gbogbo ilé, òun fúnra rẹ̀ ló po tíì. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá gbà, ẹ mu ún." Ìyá mi mu ún. Wákàtí kan kò pé tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bó ṣe ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé, nọ́ọ̀sì pariwo tẹ̀ lé e, ó ní, "Ìyá Ìbàdàn! Ṣé èmi náà fi nǹkan sí i ni?" Ẹ̀rín ni gbogbo ilé bú sí. Láti inú ilé ìgbẹ́ níbi tó wà, a gbọ́ tí ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ IKÙN?

Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́, mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n àti nínú ìwé. Ohun tí mo rí rèé.

Ṣúgà kan wà nínú wàrà, yálà ti màlúù, ti ewúrẹ́, tàbí ti ọmú ìyá. Àwọn dókítà ń pè é ní lactose. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ṣúgà wàrà. Ègé méjì tí a rán pọ̀ ni ṣúgà yìí. Ara ò lè lò ó bó ṣe wà, àfi kó kọ́kọ́ tú rírán yẹn kó di ègé méjì. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè tú rírán láìsí sísọ́ọ̀sì. Inú ìfun kékeré ni sísọ́ọ̀sì tó ń tú ṣúgà wàrà wà.

Ọmọ ọwọ́ ní sísọ́ọ̀sì yìí, ó sì mú ṣáṣá, nítorí pé ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, díẹ̀díẹ̀ ni sísọ́ọ̀sì ń kú lẹ́nu. Láàárín ọdún 2 sí ọdún 5 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó bà á jẹ́. Bí a ṣe dá ara ni.

Bí ẹni tí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kú lẹ́nu bá wá mu mílíìkì púpọ̀, ṣúgà yẹn á gba ìfun kékeré kọjá láìtú, á bọ́ sínú ìfun ńlá. Nǹkan méjì ló máa ṣe níbẹ̀. Èkíní, á fa omi mọ́ra, òun ló ń di ìgbẹ́ gbuuru. Èkejì, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú ìfun ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, á máa hó bí ẹmu ṣe ń hó nínú agbè. Ìhó yẹn ni afẹ́fẹ́ tó ń wú inú, tó ń dún, tó sì ń ti ènìyàn lójú láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Láti bí ìdajì wákàtí sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí a mu ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÓ Ń ṢE ABOYADÉ

Ṣé ìyá mi nìkan ló ń ṣe? Rárá o! Ohun tó ń ṣe Aboyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, àgbà dókítà ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ẹni tó ṣe mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992, tó sì kú ní 2003, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní 1971, òun àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà wà nínú wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà. Nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n dán wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àgbàlagbà ni ara wọn kò lè tú ṣúgà wàrà dáadáa. Àwọn Fúlàní darandaran ní tiwọn, púpọ̀ nínú wọn lè tú u. Ní 1975, wọ́n tún tẹ òmíràn jáde lórí àwọn ìdílé, ó sì fi hàn pé àjogúnbá ni, bí ìgbà tí ọmọ jogún imú bàbá rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn baba ńlá Fúlàní ti ń mu wàrà màlúù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ilẹ̀ igbó tiwa, eṣinṣin tsetse tó ń fi àìsàn pa màlúù kò jẹ́ kí a sin agbo màlúù bí tiwọn. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹja, ewébẹ̀ la fi dàgbà. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Bí a bá ka àgbàlagbà 3 lágbàáyé, bí 2 nínú wọn ni sísọ́ọ̀sì yìí ti dínkù lára wọn. Àwọn tó lè mu mílíìkì láti kékeré di ogbó láìsí wàhálà, àwọn gan-an ni wọ́n kéré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú yín kò dáa.

KÌ Í ṢE JẸ̀DÍJẸ̀DÍ

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìròyìn, mo ní kí n jẹun bí ọ̀gá. Mo jókòó ti onítíì lẹ́bàá ọ̀nà ní Mọ́kọ́lá, mo mu kòkó oní-mílíìkì kọ́ọ̀bù méjì, mo wọ dánfó tó ń lọ sí Challenge. A ò tí ì dé Dùgbẹ̀ tí inú fi dì mí mú. Mo pariwo "Ó wà o!" níbi tí kò sí bọ́sítọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹdọ́ ní, "Bùọ̀dá, ṣé kò sí o?" Mi ò dá a lóhùn, mo ti bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n gbé àgbo kíkorò fún mi. Oṣù méjì ni mo fi ń mu àgbo, tí mo sì tún ń mu kòkó oní-mílíìkì láti fi pa kíkorò rẹ̀!

Mélòó nínú wa ló ń náwó báyìí lórí àgbo, lórí abẹ́rẹ́, lórí òògùn inú rírun, tó sì jẹ́ pé mílíìkì àárọ̀ ni? Bí ẹ bá fura sí i, ẹ ṣe bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ṣe. Ẹ yẹra fún mílíìkì àti ohun tí a fi í ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí inú bá fara balẹ̀, ẹ tún fi díẹ̀ tọ́ ọ wò. Bí ó bá padà dé, ẹ ti mọ ọ̀tá yín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbogbo inú rírun ni mílíìkì ń fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ènìyàn bá ń rù, bí ibà bá bá a wá, tàbí bí inú bá ń jí ènìyàn lójú oorun lóru, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Bákan náà, bí ẹnìkan bá mu mílíìkì tí ètè tàbí ojú rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ lé, tí kò lè mí dáadáa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà wàrà mọ́. Ara rẹ̀ kọ wàrà pátápátá ni, ó lè pa á. Ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

ÌWỌ̀N LỌ̀RỌ̀ WÀ

Ẹ má tìtorí èyí da gbogbo mílíìkì nù. Ọ̀pọ̀ àwa tí sísọ́ọ̀sì wa ti kú lẹ́nu ṣì lè mu díẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé púpọ̀ nínú wa lè gba bíi gíráàmù 12 ṣúgà wàrà lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà tó pọ̀, pàápàá bí a bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Ìyẹn jẹ́ bíi kọ́ọ̀bù kan wàrà olómi lásán.

Ibi tó ti ń gbá wa mú ni pé kì í ṣe wàrà olómi lásán là ń rà. Mílíìkì inú agolo, wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ dínkù, ṣúgà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ti ìyẹ̀fun tilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun mílíìkì ọlọ́ràá, ṣúgà wàrà lè tó gíráàmù 38. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bu ìyẹ̀fun mílíìkì sẹ́nu lá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pò ó ki bí ẹ̀kọ, ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni bí inú bá dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nǹkan kan. Àwọn mílíìkì kan wà lọ́jà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò nínú wọn, tí wọ́n fi òróró bí òróró ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìyẹn ò lè dàmú inú. Ọ̀rá nìkan ni wọ́n pààrọ̀ o, ṣúgà wàrà ṣì jókòó síbẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ wá nìyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Bí wọ́n bá fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú wàrà dì, tí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, inú omi yẹn ni púpọ̀ nínú ṣúgà wàrà ń bá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí mílíìkì agolo ń dàmú fi lè jẹ wàrà dídín láìsí nǹkan kan. Nọ́nọ̀ àti yọ́gọ́ọ̀tì náà sàn díẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò tó mú wọn kan ti jẹ lára ṣúgà náà, wọ́n sì tún ń ran inú lọ́wọ́ láti tú èyí tó kù. Kí ẹ ṣáà rà wọ́n níbi tó mọ́.

BÍ A ṢE Ń ṢE MÍLÍÌKÌ SÓYÀ

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ohun tí kò ní ṣúgà wàrà rárá, ẹ̀wà sóyà ni ọ̀gá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mú sóyà wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn ìyá wa tó mọ̀ ọ́n sè. Láti àárín ọdún 1980 lọ sókè ni ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1967, àti àwọn ilé ìwádìí mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe máa lò ó nínú ọbẹ̀, nínú ògì, àti láti fi ṣe wàrà. Lónìí, ó wà ní Bódìjà, kò jìnnà sí ìsọ̀ ìyá mi.

Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é rèé:

Ẹ ṣa ẹ̀wà sóyà agolo mílíìkì 1, ẹ yọ òkúta àti èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi yẹn nù. Ẹ da ẹ̀wà sínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òórùn ẹ̀wà tútù lè dínkù, lẹ́yìn náà kí ẹ fọwọ́ bó èèpo rẹ̀ kúrò. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀rọ tó mọ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata o! Ẹ fi omi tó mọ́ bí agolo 6 pò ó, kí ẹ sì fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ gbé e kaná, ẹ sè é kó hó fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ máa rò ó kó má baà jóná. Ẹ má kúrò nídìí ìkòkò, ó máa ń ru sókè wùyà. Ẹ má mu ún ní tútù láé. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, iná ló ń pa á. Bó bá tutù, ẹ lè fi ṣúgà díẹ̀ àti ata ilẹ̀ tí ẹ gún sí i. Kò ju ọjọ́ kan lọ bí kò bá sí fíríìjì. Bó bá wà nínú fíríìjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má da èérí rẹ̀ nù, ìyá mi ń pò ó mọ́ àkàrà. Ẹni tí sóyà kì í bá lára mu náà wà, kírú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹra fún un.

Ọ̀fìo náà dáa. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgbọn àti dàbínù, ẹ sẹ́ ẹ, ó di mímu. Adùn rẹ̀ kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sè é, nítorí náà omi tó mọ́ àti ọwọ́ tó mọ́ ni kó ṣe é, kí ẹ sì mu ún tán lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tún mọ̀ pé èròjà tó ń mú ara dàgbà tó wà nínú ọ̀fìo àti omi àgbọn kò tó ti sóyà.

EEGUN ŃKỌ́?

Ẹnìkan á ní, "Bí n ò bá mu mílíìkì, kí ni eegun mi máa fi le?" Ìbéèrè gidi ni. Kálísíọ́ọ̀mù ni èròjà tó ń mú eegun àti eyín le, mílíìkì sì ní in púpọ̀. Bíi mílígíráàmù 300 ló wà nínú kọ́ọ̀bù wàrà kan, àgbàlagbà sì nílò bíi 1,000 lóòjọ́. Sóyà tí a ṣe nílé kò ní tó bẹ́ẹ̀, àfi ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àwọn fi kálísíọ́ọ̀mù kún un.

Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa tí kò rí mílíìkì mu, ṣé eegun wọn rọ̀ ni? Ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun-teegun, sadíìnì inú agolo, edé, ewédú, ewúro, wàrà dídì, gbogbo wọn ló ní kálísíọ́ọ̀mù. Ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu, kó má ṣe máa tu eegun ẹja wẹ́wẹ́ nù. Kó rún un!

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÌYÁ ỌMỌ

Èyí ni mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má fojú fo. Kí ìyá ọlọ́mọ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí já ọmọ lẹ́nu ọmú o! Ọmọ ọwọ́ ní sísọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ọmọ tí a bí láìní in ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọmú àti oúnjẹ mìíràn di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn oníṣègùn ní gbogbo ayé ń sọ nìyẹn. Mílíìkì sóyà tí a ṣe nílé, kunu ọ̀fìo, omi àgbọn, kò sí èyí tó lè rọ́pò ọmú fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ kékeré, ẹ má jókòó máa dá mílíìkì lẹ́bi. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ, ẹ fún un ní omi ìyọ̀ àti ṣúgà ORS, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbẹ́ gbuuru tó le lè mú kí sísọ́ọ̀sì ọmọ dákẹ́ iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò bí ara rẹ̀ bá ti yá.

ÌYÁ MI ÀTI ÌYÀWÓ RẸ̀

Kí ìyá mi tó kúrò l'Ékòó, ó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Àgbàlagbà kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní, "Ìyàwó mi, má bínú. Ìwọ ń ṣìkẹ́ mi, èmi ń fura sí ọ." Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti tán." Ìyá mi tú ìró rẹ̀ tó dáa jù nínú ẹrù, ó fi fún un.

Ní báyìí, bí ìyá mi bá lọ kí wọn l'Ékòó, ìyàwó á béèrè láti ìdí iná pé, "Màmá, ṣé kí n po tíì?" Ìyá mi á dáhùn pé, "Pò ó, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tíì ni kó o fún mi o, má fún mi ní màlúù!"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ọjọ́ ti ṣú báyìí. Ilé mìíràn wà tí orogún ò bá orogún sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní nítorí ife tíì kan. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, tàbí bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ ń gbà ṣe mílíìkì sóyà tàbí kunu ọ̀fìo, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà. Kó tó di ìgbà náà, bí ẹ bá mu nǹkan nílé ẹlòmíràn tí inú bá run yín, kí ẹ tó pe àwọn àgbà jọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ná: ṣé mílíìkì wà nínú rẹ̀?